Ọ̀rọ̀ Tí A Fi Sí Ọmọ Lẹ́nu: Ẹ̀kọ́ Ìtàn láti Ilẹ̀ Benin

 

Bí ènìyàn bá kúrò ní Kúta ní òwúrọ̀, tí ó gba Ìwó dé Ìbàdàn, tí ó sì gba Abẹ́òkúta àti Ìlaròó dé Ìdírókò, yóò kọjá ààlà sí Àjàṣẹ́, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Yóò gbọ́ èdè Yorùbá ní ọjà níbẹ̀. Bí ó bá tẹ̀ síwájú dé Kétu, Ṣábẹ àti Ìdáàṣà, ọba Yorùbá ni yóò bá lórí ìtẹ́. Ọmọ ìyá wa ni wọ́n, ààlà tí àwọn òyìnbó fà ni ó pín wa níyà.

Ní àwọn ọdún 1970, ohun kan náà ṣẹlẹ̀ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ Ọlọ́run ní ìhà méjèèjì ààlà náà: ìjọba gbà wọ́n lọ́wọ́ àwọn tí ó dá wọn sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ń ka ìwé yìí rántí àkókò náà dáadáa. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá kan wà. Níhìn-ín, ìjọba gba àkóso àti owó-oṣù olùkọ́, kò fi ìgbàgbọ́ mìíràn rọ́pò èyí tí ó bá níbẹ̀. Lọ́hùn-ún, ìjọba fẹ́ ju ilé-ẹ̀kọ́ lọ: ó fẹ́ ọkàn ọmọ. Ìtàn bí ó ṣe wá a, àti ìdí tí kò fi rí i gbà, ni ẹ̀kọ́ wa lónìí.

1. Kí ni ìlànà-èrò ìjọba?

Gbogbo ìjọba ni ó ní ètò. Èyí fẹ́ la ọ̀nà, èyí fẹ́ gbẹ́ kànga, èyí fẹ́ kọ́ ilé ìwòsàn. Kì í ṣe ìyẹn ni à ń sọ. Ìlànà-èrò ni ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè tí ó jinlẹ̀ ju ètò lọ: Ta ni ọ̀tá wa? Níbo ni ìtàn ayé ń lọ? Ta ni ó ni ọmọ, òbí ni tàbí ìjọba? Ènìyàn lè ní irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ lọ́kàn láìpa ẹnikẹ́ni lára. Ọ̀ràn náà di ewu nígbà tí ìjọba bá mú ìdáhùn kan ṣoṣo, tí ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo sílẹ̀ láti máa ṣọ́ ọ, tí ó sì ka ẹnikẹ́ni tí ó bá rò ó ní ọ̀nà mìíràn sí ọ̀tá ìlú.

Kì í ṣe Benin nìkan ni ó gba ọ̀nà yìí lẹ́yìn òmìnira. Ní ilẹ̀ Gáná, Kwame Nkrumah dá ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ kan sílẹ̀ ní 1960 láti máa kọ́ àwọn ọmọdé ní ìlànà rẹ̀. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Áńgílíkà ní Accra, Richard Roseveare, sọ ní 1962 pé ẹ̀kọ́ náà ń fi Nkrumah sí ipò tí ó yẹ Ọlọ́run, wọ́n lé e kúrò ní ìlú fún ìgbà díẹ̀. Ní 1964, ẹgbẹ́ Nkrumah nìkan ni òfin gbà láàyè. Ní Tanzania, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni ó wà láti 1965, Julius Nyerere sì kéde ìlànà Ujamaa ní 1967. Ṣùgbọ́n Benin ni ó sún mọ́ wa jù, òun ni a óò sì yẹ̀ wò.

2. Bí ọ̀nà náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹjọ ọdún 1960 ni Dàhómì, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pe ilẹ̀ náà nígbà náà, gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé. Olóṣèlú mẹ́ta ni ó gbajúmọ̀ jù lọ: Hubert Maga ní àríwá, Justin Ahomadégbé ní agbègbè Abomey, àti Sourou Migan Apithy ní Àjàṣẹ́. Olúkúlùkù ní àwọn ènìyàn tirẹ̀ lẹ́yìn, kò sì sí ẹni tí gbogbo ilẹ̀ fara mọ́. Láàárín ọdún méjìlá, àwọn ológun fipá gba ìjọba, kò dín ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ní 1970, wọ́n ṣe ètò pé kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa jẹ Ààrẹ ní ọdún méjì méjì. Maga lo tirẹ̀ tán, Ahomadégbé gbà á ní 1972. Kí ó tó kan Apithy, ọ̀gá ológun kan tí ń jẹ́ Mathieu Kérékou gba ìjọba ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún náà.

Ó yẹ kí a ṣe òtítọ́ sí àwọn ènìyàn ìgbà náà. Ìlú tí ó ti rẹ̀ nítorí ìjà àwọn àgbà rẹ̀ a máa fẹ́ ẹni tí yóò sọ pé, "Ó tó." Ohun tí Kérékou kọ́kọ́ sọ ni pé kí ilẹ̀ náà dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, kí ó má sì ṣe máa wo ojú àwọn àjèjì. Ta ni yóò bá a jà lórí ìyẹn?

Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1974, ní gbàgede Goho ní ìlú Abomey, níbi tí a ti ń rántí Ọba Béhanzin tí ó bá Faransé jagun, Kérékou kéde pé ẹ̀kọ́ Karl Marx àti ti Lenin ni ìlànà-èrò orílẹ̀-èdè náà láti ọjọ́ náà lọ. Ní ọjọ́ kan náà ní 1975, ó pa orúkọ ilẹ̀ náà dà kúrò ní Dàhómì sí Benin, ó sì kéde ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo tí a mọ̀ sí PRPB. Àsíá ilẹ̀ náà di aláwọ̀ ewé pẹ̀lú ìràwọ̀ pupa kan. Kò sí ẹni tí ó dìbò lórí ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí. Bí a ti ń kéde ọjọ́ ọjà ni a ṣe kéde wọn.

3. Ohun tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́

Ní 1975, òfin kan gbé ètò tí a pè ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Tuntun kalẹ̀. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ Ọlọ́run bọ́ sí ọwọ́ ìjọba. Àwọn ohun rere wà nínú èrò náà, kí a má fi wọ́n pamọ́: pé kí ọmọ tálákà rí ilé-ẹ̀kọ́ lọ, pé kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ oko pẹ̀lú ìwé kíkà, pé kí a bọ̀wọ̀ fún èdè ilẹ̀ wọn, tí èdè Yorùbá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Bí ó bá mọ níbẹ̀ ni, bóyá à bá máa yìn ín títí di òní.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìlànà-èrò náà gba gbogbo ibi kan. Ilé iṣẹ́ rédíò Cotonou di Ohùn Ìyípadà. Ìwé ìròyìn ìjọba di *Ehuzu*, èyí tí ó túmọ̀ sí "ó ti yí padà" ní èdè Fọ̀n. Igbe tí a ń ké níbi ìpéjọ ni "Ehuzu dandan!" Ọmọ Yorùbá kò nílò ògbufọ̀ láti mọ ohun tí "dandan" jẹ́. Bí ẹnì kan bá kígbe pé a ti gbára dì fún Ìyípadà, àwọn tí ó kù yóò dáhùn pé ìjàkadì ń bá a lọ. Àní, ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń parí lẹ́tà ìjọba, ìbáà jẹ́ lẹ́tà ìtọrọ ààyè ìsinmi.

Ìjọba náà bá ẹ̀sìn ìbílẹ̀ jà pẹ̀lú. Ó gbé ogun ti àwọn tí ó pè ní àjẹ́ àti oṣó, ọ̀pọ̀ arúgbó sì jìyà nínú rẹ̀. Kí Kristẹni kankan má ṣe yọ̀ sí èyí. Ọ̀pá tí a fi na ìyálé, òkè àjà ni ó wà de ìyàwó, ìjọba tí ó bá lè fi ipá wọ inú igbó òrìṣà lè fi ipá wọ inú ilé ìsìn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí èyí ń ṣe sí ọmọ. Ọmọ tí ó gbọ́ àdúrà ní ilé, tí ó sì gbọ́ igbe ẹgbẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́, kò ní pẹ́ mọ̀ pé ẹnu méjì ni ó yẹ kí òun ní: ẹnu ilé àti ẹnu ìta. Kì í ṣe pé ó gba ẹ̀kọ́ Marx gbọ́, kì í sì í ṣe pé ó kọ̀ ọ́. Ohun tí ó kọ́ ni pé ọ̀rọ̀ kò ní láti bá ọkàn mu. Ẹ̀kọ́ yìí ni ó burú jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí ọmọ tí ó bá ti kọ́ ọ lè fi ẹnu kan náà ké igbe ẹnikẹ́ni tí ó bá dé lẹ́yìn ọ̀la.

4. Ìdí tí ilé náà fi wó

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1979, ilẹ̀ Benin dìbò yan ìgbìmọ̀ aṣòfin ẹlẹ́ni 336. Ìwé orúkọ kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ náà gbé síwájú àwọn olùdìbò, ẹni tí ó wá dìbò lè sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní 1980, ìgbìmọ̀ yìí fi Kérékou jẹ Ààrẹ, òun nìkan ni a sì gbé kalẹ̀.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a bi ara wa nìyí: nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ta ni yóò sọ fún baba pé àká ti ń ṣófo? Àwọn àgbà ní òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni a ń ra èké. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba ń pàdánù owó. Nàìjíríà ti ààlà rẹ̀ ní 1984, ọrọ̀ ajé Benin, tí ó gbára lé òwò pẹ̀lú wa, sì rọ sí i. Báńkì ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dẹnu kọlẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1980. Nígbà tí ó fi di 1989, àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba ń ṣiṣẹ́ fún oṣù púpọ̀ láìrí owó gbà. Ìyanṣẹ́lódì bẹ́ sílẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì jáde sí ìgboro.

Ẹ bá mi ṣírò ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ tí ó pé ọdún mẹ́fà ní 1975, tí ó bẹ̀rẹ̀ Ilé-Ẹ̀kọ́ Tuntun náà láti kíláàsì kìn-ín-ní, ti pé ogún ọdún ní 1989. Àwọn tí ó jáde sí ìgboro yìí ni àwọn ọmọ tí ètò náà tọ́ dàgbà. Àwọn ni ó ti ké igbe náà jù lọ. Igbe ọdún mẹ́rìnlá kò dá ẹsẹ̀ wọn dúró fún ọjọ́ kan, nítorí kò fìgbà kan kúrò ní etí ètè wọn dé inú ọkàn wọn.

Ní àkókò Lẹ́ńtì ọdún náà, àwọn bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Kátólíìkì ní Benin kọ lẹ́tà sí àwọn ọmọ ìjọ, wọ́n ní kí gbogbo ilẹ̀ ronú pìwà dà kí orílẹ̀-èdè náà lè yè. Wọn kò di ohun ìjà mú. Wọ́n kàn sọ ní gbangba ohun tí olúkúlùkù ti ń sọ ní yàrá. Ní ọjọ́ 7 oṣù kejìlá ọdún 1989, ìjọba Kérékou kéde pé ẹ̀kọ́ Marx àti Lenin kì í ṣe ìlànà-èrò ìjọba mọ́.

5. Nígbà tí a jẹ́ kí ìlú sọ̀rọ̀

Láti ọjọ́ 19 sí ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1990, àwọn aṣojú tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 500 péjọ sí ilé ìtura kan ní Cotonou fún Àpérò Orílẹ̀-èdè. Olùkọ́, àgbẹ̀, ológun, obìnrin ọjà, olórí ẹ̀sìn, àti àwọn Ààrẹ àtijọ́ pàápàá wà níbẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza ni ó jókòó gẹ́gẹ́ bí alága. Àwọn ará ìlú ń gbọ́ ọ lórí rédíò bí ó ti ń lọ. Ní àárín àpérò náà, wọ́n pinnu pé ìpinnu wọn ni abẹ gé, pé Ààrẹ kò lè yí i padà. Ẹ̀rù ba ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ọjọ́ náà, nítorí ọwọ́ Kérékou ni àwọn ọmọ ogun wà. Ṣùgbọ́n ó gbà. Wọ́n fi Nicéphore Soglo ṣe olórí ìjọba fún ìgbà díẹ̀, ará ìlú fi ìbò fọwọ́ sí ìwé òfin tuntun ní oṣù kejìlá, Soglo sì fẹ̀yìn Kérékou balẹ̀ nínú ìdìbò oṣù kẹta ọdún 1991. Kérékou gbé ìjọba sílẹ̀ láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

Ohun tí ìlànà-èrò kan kò rí ṣe ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọ̀rọ̀ àsọyé láàárín àwọn tí èrò wọn kò pa pọ̀ ṣe é ní ọjọ́ mẹ́wàá. Èyí kò gbọdọ̀ ṣe Yorùbá ní kàyéfì. Ọba Ọ̀yọ́ kì í dá ìlú ṣe láìsí Ọ̀yọ́ Mèsì. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

6. Ìbúra kan ní 1996

Ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Kérékou tún díje ní 1996, ó borí Soglo, ó sì padà sí ipò Ààrẹ. Ní àkókò yìí, ó ti ń pe ara rẹ̀ ní Kristẹni atúnbí. Ní ọjọ́ tí ó ń búra ní oṣù kẹrin, ó dé ibi tí ìwé òfin ti sọ pé kí Ààrẹ búra níwájú Ọlọ́run àti ẹ̀mí àwọn baba ńlá. Ó pe Ọlọ́run, ó fo àwọn baba ńlá. Ilé Ẹjọ́ Òfin Ìpìlẹ̀ sọ pé ìbúra náà kò pé, wọ́n sì ní kí ó tún un ṣe. Ó padà wá, ó sì búra lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. Ọkùnrin tí ó ti fi ọ̀rọ̀ sí gbogbo ìlú lẹ́nu rí ni òun náà wá bá ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò fẹ́ sọ pàdé. Láàárín 1974 sí 1989, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí irú rẹ̀ bá ṣe kò ní adájọ́ tí yóò sá tọ̀. Ṣùgbọ́n ní 1996, adájọ́ wà, ìwé òfin tí ará ìlú dìbò fún wà, kò sì sí ẹni tí a sọ sí ẹ̀wọ̀n. Àwọn kan láàárín wa yóò ní ilé ẹjọ́ jàre, nítorí òfin ni òfin. Àwọn mìíràn yóò ní kò yẹ kí òfin kankan fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ènìyàn lẹ́nu. Èmi kò ní dá ẹjọ́ náà fún yín. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìlú tí a ti lè jiyàn lórí rẹ̀ ní gbangba sàn ju ìlú tí a ti ń ké igbe kan náà lọ.

7. Ẹ̀kọ́ fún ilé-ẹ̀kọ́ wa àti ilé wa

Nínú ìwé Dáníẹ́lì, a kà nípa àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí a kó lọ sí Bábílónì. Wọ́n kọ́ ìwé àwọn ará Kálídíà, wọ́n sì yege. Wọ́n gba orúkọ tuntun, wọ́n sì ṣiṣẹ́ fún ọba. Ìgbà tí Nebukadinésárì ní kí wọ́n forí balẹ̀ fún ère ni mẹ́ta nínú wọn kọ̀. Ẹ kíyè sí i pé ọba kò bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n gbà gbọ́. Ohun tí ó fẹ́ ni pé kí wọ́n wólẹ̀ nígbà tí ohùn orin bá dún. Ẹ̀kọ́ tòótọ́ ni ó fún wọn ní agbára láti mọ ibi tí iṣẹ́ ìjọba parí sí àti ibi tí ìforíbalẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ó rọrùn láti ka ìtàn yìí kí a sì nàka sí Nebukadinésárì àti Kérékou. Ó le díẹ̀ láti nàka sí ara wa. Àwa náà ń fi ọ̀rọ̀ sí ọmọ lẹ́nu. Ilé-ẹ̀kọ́ Kristẹni ni wá. Lójoojúmọ́ ni à ń gbàdúrà, tí a sì ń kọrin. Ọ̀pọ̀ òbí tí ó fi ọmọ rẹ̀ sí ọwọ́ wa ní agbègbè Ìwó àti Kúta jẹ́ Mùsùlùmí. Bí a bá fi pàṣán gba "Àmín" lẹ́nu ọmọ, kí ni a fi sàn ju àwọn tí ó fi ipá gba "Ehuzu"? Ìgbàgbọ́ wa kò nílò irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí a jẹ́ kí ó béèrè ìdí, tí a dá lóhùn pẹ̀lú sùúrù, ni ìgbàgbọ́ rẹ̀ yóò bá a dé ọjọ́ alẹ́.

Ẹ̀yin òbí, nínú ilé ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí a ń sọ fún lójoojúmọ́ pé, "Dákẹ́, èmi ni mo sọ ọ́," ti ń gbára dì fún ẹni tí yóò wá kígbe lé e lórí lọ́la. Ìbọ̀wọ̀ fún àgbà kò tako ìbéèrè. Ọmọ lè dọ̀bálẹ̀, kí ó sì tún sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kò yé mi."

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí ẹ wà nínú ìṣèlú, bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé àlàáfíà yóò wà bí gbogbo wa bá kóra jọ sínú ẹgbẹ́ kan, ẹ rántí Benin. Àárẹ̀ àti ìjà àwọn olóṣèlú ni ó gbé ibẹ̀ dé ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Kò sí ẹni tí ó kọ́kọ́ pè é ní ìnira; ìṣọ̀kan ni wọ́n pè é.

Ìbéèrè fún ìjíròrò ní ilé àti ní ìpàdé ẹgbẹ́

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ìbúra sí orílẹ̀-èdè tí à ń ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ àti ìlànà-èrò tí ìjọba fi dandan múlẹ̀?

2. Àwọn ohun rere wo ni ó wà nínú Ilé-Ẹ̀kọ́ Tuntun ti Benin? Ǹjẹ́ a lè rí wọn gbà láìsí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo?

3. Bí ẹ bá jẹ́ adájọ́ ní 1996, báwo ni ẹ bá ṣe dá ẹjọ́ ìbúra Kérékou?

4. Ìbéèrè wo ni ọmọ yín béèrè láìpẹ́ yìí tí ẹ kò dá a lóhùn? Ẹ padà sí i lálẹ́ òní.